Irin Fèrèsé Àyìnkẹ́

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ki abẹ́rẹ́ bọ ojú Àyìnkẹ́, àwọn tó ń fa omi ní kàǹga ti gbọ́, ìyá tó ń ta búrẹ́dì ní ẹnu ọ̀nà ti gbọ́. Òun tó ni ojú ni kò gbọ́. Wọn kò bi í.

Ó jí bó ṣe máa ń jí. Ó bọ́jú, ó gbàdúrà, ó lọ dúró níwájú fèrèsé yàrá rẹ̀. Irin dúdú tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lójú fèrèsé náà, àwọn kan dúró, àwọn kan dùbúlẹ̀, wọ́n pín ojú ọ̀run sí igun mẹ́rin-mẹ́rin bí ìwé ìṣirò ọmọ ilé ìwé. Àyìnkẹ́ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì, ó fi ti ọ̀tún wo irin àárín. Bó ṣe rí lánàá náà ló rí. Irin náà bọ̀ láti òkè dáadáa, nígbà tó dé àárín, ó tẹ̀ bí ẹni tí inú ń run, ibi tó ti tẹ̀ sì ṣú bí àbàwọ́n epo lára aṣọ funfun. Ó pààrọ̀ ọwọ́. Ó bo ojú ọ̀tún, ó fi ti òsì wò. Irin gún. Nísàlẹ̀ nìkan ló ti wọ́ díẹ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wọ́ níbẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ojú òsì ṣì wà fún un.

Irin yìí ti dá ìjà sílẹ̀ rí. Àyìndé wẹ́dà ló ṣe é, kí Àyìnkẹ́ tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun lójú. Àyìnkẹ́ dúró sí ìta, ó pe ọmọ náà ní olè lójú gbogbo àdúgbò Igbó-Elérin, ó ní irin tó wọ́ ló kó wá, ó ní kó tú u, kó tún un ṣe. Àyìndé tú u, ó tún un ṣe, Àyìnkẹ́ ní ó ṣì wọ́. Láti ọjọ́ náà, tí Àyìndé bá ń kọjá, ó máa ń gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kejì títì.

“Ìyá Túnjí! Ẹ tún ti dé nù un!”

Bàbá Sàká ni. Fèrèsé Àyìnkẹ́ kọjú sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ibẹ̀ ló sì máa ń jókòó sí láàárọ̀, pẹ̀lú ife tíì àti sìgá. Ó ti ṣe kúùkù ní Navy Town kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì gbàgbọ́ pé ẹni tó bá ti bá àwọn ọ̀gá ológun gbé kò yẹ kó bá irú Àyìnkẹ́ ṣe àríyànjiyàn.

“Inú ilé mi ni mo wà, Bàbá Sàká. Ẹ káàárọ̀.”

“Ẹ má kí mi. Ẹni tó di ojú kan, tó wá fi ọ̀kan wo ilé onílé láàárọ̀ kùtù, kí ni mo fẹ́ fi ìkíni rẹ̀ ṣe? Ẹ ṣáà máa wò. Ó parí lónìí.”

“Kí ló parí?”

Bàbá Sàká fa sìgá rẹ̀, ó tú èéfín sókè.

Àyìnkẹ́ ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ fún un, ó ti ṣàlàyé fún gbogbo wọn. Florence, ìyàwó Túnjí ọmọ rẹ̀, ló mú un lọ sí ọsibítù ìjọba ní Erékùṣù Èkó. Dókítà kán oògùn sí i lójú, ó fi iná wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀. Ó ní kì í ṣe èyí tó ń funfun lójú, tí wọ́n máa ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ó ní àárín ẹ̀yìn ojú ló ń gbó, ibi tí a fi ń dá ojú èèyàn mọ̀, tí a fi ń kàwé, tí a fi ń rí ihò abẹ́rẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ojú kò gbó, kò sì ní í ṣókùnkùn pátápátá. Kò sí abẹ fún un, kò sí oògùn tó lè dá èyí tó ti lọ padà. Kó máa jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja. Kó jìnnà sí èéfín sìgá. Kó máa ṣiṣẹ́ níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ sí. Kó sì wá nǹkan tó gún nínú ilé, kó máa fi ojú kọ̀ọ̀kan wò ó láràárọ̀. Ọjọ́ tó bá ti yí padà lójijì, kó tètè máa bọ̀.

Nínú gbogbo èyí, ohun tí Túnjí gbọ́ ni pé kò sí abẹ, kò sí oògùn. Ó ní dókítà náà kò mọ iṣẹ́.

Ní ilé ìdáná, Florence ti da ẹ̀wà sórí àtẹ. Ní ọdún 1995 yẹn, kẹrosíìnì ṣọ̀wọ́n, igi ló fi ń dáná, ó sì ti gbé ààrò jáde sí ìta nítorí ojú ìyá ọkọ rẹ̀. Àyìnkẹ́ fa àpótí, ó jókòó ti àtẹ.

“Màmá, ẹ fi í sílẹ̀, mo fẹ́ ṣà á tán.”

“Ṣé mo bi ọ́ ni?”

“Ẹ rántí òkúta ọjọ́ Sátidé.”

“Òkúta kan.”

“Òkúta kan náà ló kán eyín ọkọ mi.”

“Eyín yẹn ti jẹrà tipẹ́. Èmi ni mo bí i, mo mọ ẹnu rẹ̀ jù ọ́ lọ.”

Florence rẹ́rìn-ín, kò sì fẹ́ rẹ́rìn-ín. Òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ kì í jẹun tán láìjà. Wọ́n máa ń jà lórí iyọ̀, lórí bí a ṣe ń sá aṣọ, lórí orúkọ tí ó yẹ kí ọmọ wọn Títílọpẹ́ máa jẹ́ nílé ìwé. Ṣùgbọ́n òun ló tì í lẹ́yìn wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Erékùṣù, òun ló jókòó níwájú dókítà, tó sì bi í ní ìbéèrè títí dókítà fi rẹ́rìn-ín. Àyìnkẹ́ kò gbàgbé. Kò sọ ọ́ lẹ́nu rí, ṣùgbọ́n kò gbàgbé.

Ó gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí adìẹ tó fẹ́ ṣa àgbàdo, ó sì ń fi ìka wá òkúta láàárín ẹ̀wà. Ó rí ọ̀kan, ó jù ú síta.

“Ẹyọ kan rèé. Ìwọ tí ojú rẹ ń ríran, o ti rí i?”

Túnjí wọlé bá wọn. Ó yẹ kó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Alábà, níbi tó ti ń ta wáyà iná, àmọ́ bùbá àti ṣòkòtò ló wọ̀.

“Ìyá Títí, fi ẹja púpọ̀ sí ọbẹ̀ ọ̀sán. Mo ní àlejò.”

“Àlejò wo, Bàbá Títí?”

“Ṣé dandan ni kí n júwe rẹ̀?”

Àyìnkẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀, kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó fẹ́ mọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Tó bá wò ó tààrà, etí àti ọrùn nìkan ló máa ń rí, ibi tí ojú wà á di eruku. Ó ti pẹ́ tó ti mọ ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe. Ó gbé ojú kúrò lára ọmọ náà, ó wo ara ògiri, ojú Túnjí sì yọ sí i ní ẹ̀gbẹ́, kò mọ́ gaara, ṣùgbọ́n ó tó. Ojú ẹni tó ti ṣe nǹkan tí kò fẹ́ sọ ni.

“Màmá, ẹ yéé wò mí bẹ́ẹ̀!”

“Tí mo bá wò ọ́ tààrà, mi ò rí ọ. Mo ti sọ fún ọ.”

“Ẹ̀gbẹ́ ojú lẹ fi ń wo gbogbo ayé! Ọmọdé kí yín, ẹ̀gbẹ́ ojú. Àgbà kí yín, ẹ̀gbẹ́ ojú. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn mi? Wọ́n ní ẹni tó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú èèyàn, ó dára díẹ̀. Wọ́n ní tiyín ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

“Sọ ọ́ tán.”

Túnjí kẹ̀yìn sí i. Ó jáde. Florence wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ìyá ọkọ rẹ̀, ó gbé àtẹ ẹ̀wà lọ sídìí ààrò.

Àyìnkẹ́ lọ sídìí máṣíìnì rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí oòrùn ti ń wọlé. Sùtánà ló máa ń rán fún àwọn ìjọ aláṣọ funfun, láti Ọ̀jọ́ títí dé Òkòkòmáíkò. Sùtánà ló fi kọ́ ilé tí wọ́n ń gbé. Láti ìgbà tí ojú ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó ti yí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ padà. Florence máa ń fi òwú sínú abẹ́rẹ́ púpọ̀ fún un láàárọ̀, á to wọ́n sára tìmùtìmù kékeré kan, kó má baà máa pe ẹnikẹ́ni. Ó máa ń fi èékánná tẹ ibi tó fẹ́ rán kó lè máa fọwọ́ tọ̀ ọ́. Ó sì tẹ́ aṣọ dúdú sórí tábìlì, nítorí tí funfun bá wà lórí funfun, kò ní í mọ ibi tí aṣọ parí sí. Lórí dúdú, etí sùtánà á yọ fún un kedere.

Aṣọ dúdú náà ti di ọ̀rọ̀ ní kàǹga. Wọ́n ní kí ni obìnrin fẹ́ fi dúdú ṣe lábẹ́ aṣọ àdúrà.

“Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o.”

“Ta nìyẹn? Sọ̀rọ̀ sókè.”

“Mojísọ́lá ni.”

Ìyàwó kékeré Bàbá Sàká ni. Ó mú ajọ̀ tó yá dání, ajọ̀ tó ti yá tipẹ́ tí ẹnì kankan kò béèrè.

“Ìwọ tí o kì í kí mi mọ́?”

“Wọ́n ní kí n má kí yín.”

Àyìnkẹ́ kò bi í pé ta ni wọ́n. Mojísọ́lá gbé ajọ̀ sílẹ̀, kò lọ. Ó ń fi ìka fa etí ìró rẹ̀.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Nígbà tí oyún yẹn wà lára mi, kó tó bà jẹ́. Tí ẹ bá dúró sí fèrèsé láàárọ̀, tí mo bá ń fọ abọ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Ṣé èmi lẹ máa ń wò?”

Ẹsẹ̀ Àyìnkẹ́ dúró lórí máṣíìnì.

“Sún mọ́ ibí. Sún mọ́ mi sí i.” Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú. “Láti fèrèsé yẹn, Mojísọ́lá, mi ò mọ̀ ọ́ yàtọ̀ sí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀. Irin ni mò ń wò. Irin tó wà lójú fèrèsé. Mi ò mọ̀ pé o lóyún. Ọjọ́ tó bà jẹ́ ni Florence sọ fún mi, mo sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo sunkún. Èmi náà ti sin ọmọ rí.”

Mojísọ́lá wo ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó máa fi sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

“Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ fún yín o. Àlíù Olójú ni àlejò tí Bàbá Títí ń retí.”

“Àlíù wo?”

“Ẹni tó máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọjà Rágó, létí ibi tí wọ́n ń so àgbò mọ́. Ó ń fi abẹ́rẹ́ ti ojú. Ọkọ mi ló lọ pè é, Bàbá Títí sì ti gbà. Wọ́n ní tí wọ́n bá ti ojú náà sẹ́yìn, ẹ ò ní í lè fi wo èèyàn mọ́.”

“Ṣé òun ló ṣe ojú ìyá Ọ̀ṣunbíyìí ní Ìbà?”

“Òun ni.”

“Kí ló wá dé sí ìyá Ọ̀ṣunbíyìí?”

“Wọ́n jó lọ́jọ́ náà, Màmá. Ó ní òun rí ìmọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í wú.” Mojísọ́lá gbé ajọ̀ tó ti gbé sílẹ̀, ó tún gbé e sílẹ̀. “Ó ti fọ́. Méjèèjì.”

Nígbà tí Florence gbọ́, ó bọ́ aṣọ ìdáná sílẹ̀. Ó ní kí àwọn máa lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n òun ní Òkòkòmáíkò kíákíá, kí àlejò wá bá ilé òfìfo.

“Kí n sá?” Àyìnkẹ́ bi í. “Kúrò nínú ilé ta ni?”

“Màmá, wọ́n pọ̀ jù wá lọ.”

“Ṣé ọbẹ̀ ti jinná?”

“Ọbẹ̀ kẹ̀? Màmá!”

“Ẹja àlejò dà? Bù ú wá. Gbogbo rẹ̀. Dókítà ní kí n máa jẹ ẹja.”

Ó jẹ ẹja náà, títí kan orí. Ó jẹ ẹ̀fọ́ lé e. Florence dúró tì í, ó ń wò ó bó ṣe ń yọ egungun pẹ̀lú ìka, tí kò yára, bí ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ náà. Ó fọ ọwọ́, ó padà sídìí sùtánà rẹ̀.

Wọ́n dé nígbà tí oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Túnjí ló ṣáájú, Bàbá Sàká tẹ̀ lé e pẹ̀lú sìgá, Àlíù Olójú ló kẹ́yìn, ọkùnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ tutù, tó ń sọ Yorùbá bí ará Ìlọrin, tó gbé àpò awọ sí èjìká. Àwọn obìnrin kan fi kàǹga sílẹ̀, wọ́n wá dúró sí ojú ọ̀nà, wọ́n ń ṣe bí ẹni tó ń dúró de ẹlòmíràn.

“Màmá, ẹ dìde, kí ẹ wá jókòó ní pálọ̀,” Túnjí wí.

“Ibi tí mo wà ti tó mi. Ta lẹ mú wá?”

“Olùtọ́jú ni. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, Màmá. Kò ní í dùn yín.”

“Kí ni kò ní í dùn mí?”

Túnjí wo Bàbá Sàká. Bàbá Sàká wo ilẹ̀.

“Ojú yín,” Túnjí wí.

“Ojú mi. Ta lo bi?”

Florence gbé àpótí ìdáná, ó gbé e sáàárín àwọn ọkùnrin náà àti ìyá ọkọ rẹ̀, ó jókòó lé e, ó gbé ọmọ odó lé itan.

“Bàbá Títí, ẹni tó bá fẹ́ dé ọ̀dọ̀ Màmá, kó fò mí kọjá.”

“Florence, dìde níbẹ̀.”

“Mo ti jókòó.”

“Ó ti rẹ̀ mí!” Túnjí kígbe. “Ẹ̀yin méjèèjì ò mọ ohun tí mò ń rí! Mo wọ ọjà, wọ́n dákẹ́. Ìjọ kan ti kó iṣẹ́ wọn lọ fún télọ̀ mìíràn. Ọmọ mi dé láti ilé ìwé, ó ní wọ́n ní ìyá àgbà òun ń jẹ ọmọ inú oyún. Kí ni kí n ṣe? Dókítà ní kò sí abẹ. Ẹ ní kí n máa wòran?”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ìyá rẹ̀ dáhùn. “Kí o máa wòran, kí o sì sọ fún ọmọ rẹ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Èyí tó yẹ kí o ṣe nìyẹn.”

Àlíù tẹ tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó tàn án sí Àyìnkẹ́ lójú láti orí Florence. Ó wò ó pẹ́.

“Kò funfun,” ó wí. “Inú ni tiẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n tí a bá tì í, á lọ.”

“Kí lo máa tì?” Àyìnkẹ́ bi í.

“Ohun tó bo ojú, Ìyá.”

“Ìwọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kò funfun, kò sí ohun tó bò ó. Nígbà tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kí ni abẹ́rẹ́ rẹ máa tì? Ẹyinjú mi? Ìyá Ọ̀ṣunbíyìí ńkọ́? Kí lo tì níbẹ̀?”

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó wà lójú ọ̀nà ṣe hẹ̀n. Àlíù pa tọ́ọ̀ṣì.

“Ẹ má jẹ́ kó fi ẹnu tàn yín!” Bàbá Sàká ju ọwọ́ sókè. “Ẹ bi í ní ohun tó ń wò ní fèrèsé yẹn! Ẹ bi í ní aṣọ dúdú tó tẹ́ sábẹ́ sùtánà! Láràárọ̀ ló ń di ojú kan, tó ń fi ọ̀kan wo ilé mi. Ìyàwó mi rí i. Èmi rí i. Kí ló ń wò?”

Àyìnkẹ́ dìde. Ó fi ọwọ́ kan èjìká Florence kó lè rí ọ̀nà kọjá, ó wá dúró ti Bàbá Sàká, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú ní ọrùn ọwọ́, bí a ṣe ń di ọmọ tó fẹ́ sá mú.

“Ẹ wá wò ó.”

“Èmi?”

“Ṣé ẹ ń bẹ̀rù irin ni?”

Nítorí àwọn obìnrin tó wà lójú ọ̀nà, Bàbá Sàká kò lè sọ pé òun ń bẹ̀rù. Ó tẹ̀ lé e wọ yàrá. Túnjí àti Àlíù tẹ̀ lé wọn, Florence kẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ odó rẹ̀. Àyìnkẹ́ gbé ọkùnrin náà dúró síbi tí òun fúnra rẹ̀ máa ń dúró sí.

“Ẹ fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún. Ẹ wo irin àárín. Kí lẹ rí?”

“Irin.”

“Ṣé ó gún?”

“Ó gún. Kí ló kù tó fẹ́ ṣe? Ṣé irin ń jó ni?”

“Ẹ pààrọ̀ ọwọ́.”

Bàbá Sàká fi ọwọ́ òsì bo ojú òsì. Ó sún orí sẹ́yìn, ó tún sún un síwájú. Ó ṣí ojú tó bò, ó tún un bò. Eérú sìgá já bọ́ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò gbọ̀n ọ́n dànù.

“Ta ló ṣe irin yìí?” ó bi wọ́n.

“Àyìndé,” Florence dáhùn.

“Olè ni ọmọ yẹn. Ó wọ́. Ẹ ò rí i bó ṣe tẹ̀ wọnú láàárín? Irin tó wọ́ ló kó wá.”

Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an ni Àyìnkẹ́ ń gbọ́ yìí, ọ̀rọ̀ tó fi bú ọmọ ọlọ́mọ lójú títì. Kò sí ọ̀kan tó yẹ̀ níbẹ̀.

Túnjí sún mọ́ fèrèsé. Ó bo ojú kan, ó bo èkejì.

“Ó gún, Bàbá,” ó wí.

“Kò gún!”

Florence wò ó. “Ó gún.”

Àlíù náà bo ojú kan, ó wò ó, ó bo èkejì. “Ó gún régé, Bàbá,” ó wí, ohùn rẹ̀ ṣì tutù bíi ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ àpò awọ rẹ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì Àyìnkẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. “Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ jókòó, Bàbá, kí n wo tiyín. Ó jọ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.”

Bàbá Sàká fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri.

“Má fọwọ́ kàn mí!”

“Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, Bàbá Sàká,” Àyìnkẹ́ wí. “Kò ní í dùn yín.”

Ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dúró láàárín wọn. Kò yára mú un kúrò. Ó jẹ́ kí Túnjí náà gbọ́ ọ dáadáa. Ojú Bàbá Sàká ń lọ láti abẹ́rẹ́ sí ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà sí Àyìnkẹ́.

“Ìyá Túnjí,” ó wí, ohùn rẹ̀ kéré. “Ìyá Túnjí, ẹ jọ̀ọ́.”

“Ó tó,” Àyìnkẹ́ wí. “Àlíù, di àpò rẹ. Má tún gbé e dé àdúgbò yìí mọ́. Ẹja tí wọ́n sè dè ọ́, mo ti jẹ ẹ́.”

Àlíù wo Túnjí bóyá á sọ nǹkan. Ó di àpò rẹ̀, ó kí wọn, ó lọ. Wọ́n gbọ́ tí àwọn obìnrin ìta yà fún un.

“Bàbá Sàká, ẹ pa sìgá yẹn nínú ilé mi. Ohun tí dókítà kọ́kọ́ bi mí ni bóyá mò ń fà á. Ó ní ó ń ba irú ojú yìí jẹ́ ju ohunkóhun lọ. Láti ìgbà wo ni ojú ọ̀tún yín ti rí báyìí?”

“Mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é.”

“Ojú òsì ló ń bá a ṣiṣẹ́, ẹ ò sì lè mọ̀ àfi tí ẹ bá bò ó. Ìdí tí mo fi ń bò ó nìyẹn. Nígbà tí ẹ ò mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ lọ́la. Ẹ má sọ pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ti ẹlòmíràn máa ń dúró pẹ́, ti ẹlòmíràn máa ń ya lulẹ̀ lójijì, dókítà ló máa mọ èyí tó jẹ́ tiyín. Florence á mú yín débẹ̀.”

“Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ máa bá mi lọ?”

“Rárá. Mi ò tíì dárí jì yín. Tí ẹ bá délé, kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún Mojísọ́lá pé kì í ṣe èmi ni mo jẹ ọmọ rẹ̀. Kí ẹ sọ ọ́ sókè, bí ẹ ṣe sọ tàkọ́kọ́.”

Ó fi èékánná lu irin fèrèsé. Bàbá Sàká tẹ sìgá pa mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rẹ̀, ó fi ìyókù rẹ̀ sápò, ó jáde, ọwọ́ rẹ̀ lórí ojú òsì.

Túnjí dọ̀bálẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀, àyà rẹ̀ kan símẹ́ńtì. Àyìnkẹ́ kò ní kó dìde. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó lọ sídìí máṣíìnì, ó wá etí sùtánà lórí aṣọ dúdú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Ó pẹ́ kí Florence tó sọ pé, “Bàbá Títí, ẹ dìde, ilẹ̀ tutù.”

Bàbá Sàká lọ sí ọsibítù, wọ́n ní irú ojú Àyìnkẹ́ náà ni, ó sì bọ̀. Láti ìgbà náà, láràárọ̀, ó máa ń dúró sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, á bo ojú kan, á máa wo irin fèrèsé Àyìnkẹ́. Àyìnkẹ́ náà á dúró sí inú, á bo ojú kan, á máa wo irin kan náà. Wọn kì í kí ara wọn. Ìyẹn lọ títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí Àyìnkẹ́ kígbe sí i pé kó gbé ojú kúrò lára irin òun, kó lọ ṣe tirẹ̀.

Báyìí ni Àyìndé wẹ́dà ṣe padà wá ṣiṣẹ́ ní òpópónà náà. Ó ń de irin mọ́ fèrèsé Bàbá Sàká, àwọn èèyàn kàǹga ń wò ó, Bàbá Sàká dúró lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ lórí ojú òsì.

“Kò gún, Àyìndé. Láàárín yẹn. Mi ò ní í gba iṣẹ́ yìí.”

Àyìndé sọ òòlù sílẹ̀. Ó ti gbọ́ ọ rí.

Àyìnkẹ́ já òwú gígùn kan láti ara máṣíìnì rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fọwọ́ tọ ara ògiri dé igun, ó gba àárín ilé méjèèjì kọjá fúnra rẹ̀. Ó na òwú náà sí Àyìndé.

“Di ẹnu rẹ̀ mú lókè.”

Ọmọ náà dì í mú. Àyìnkẹ́ na òwú bọ̀ sílẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara irin àárín, ó wá fi èékánná tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bó ṣe máa ń tọ etí sùtánà. Kò sí ibi tí òwú àti irin ti yà fún ara wọn.

“Ó gún,” ó wí, ó sì jẹ́ kó dé kàǹga. “Bàbá Sàká, ojú yín ló wọ́. Ẹ san owó ọmọ ọlọ́mọ.” Ó yí padà sí Àyìndé. “Tèmi náà gún. Láti ọjọ́ tí o ti ṣe é.”

Àyìndé ká òwú náà mọ́ ìka rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́.

“Ẹ káàsán, Màmá.”

Àyìnkẹ́ gbé ojú lé ara ògiri, ó fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó dáadáa. Àyìndé kò yẹra.